Ìgbafẹ́ Lórí Ọ̀nà Iṣẹ́: Etíkun Olókè Àríwá Martinique, Àwọn Orúkọ Rẹ̀ àti Àwọn Tó La Ọ̀nà Rẹ̀

1. Ìfáárà

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí etíkun kan tí àwọn èèyàn ń lọ láti gbafẹ́ lónìí: etíkun olókè tó wà ní apá àríwá erékùṣù Martinique, nínú òkun Kàríbíà, lábẹ́ ìjọba Faransé. Ẹni tó bá ṣí ìwé atọ́nà nípa erékùṣù yìí yóò rí i pé yanrìn funfun ni wọ́n fi ń polówó gúúsù rẹ̀, òkè, igbó kìjikìji, omi tó ń dà ṣọ̀ọ̀rọ̀ láti orí àpáta àti yanrìn dúdú ni wọ́n sì fi ń polówó àríwá. Kò sí irọ́ nínú ìpolówó náà. Ibẹ̀ dára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè òpìtàn yàtọ̀ sí ti olùpolówó. Ohun tí mo ń béèrè ni pé: ta ló la àwọn ọ̀nà tí arìnrìn-àjò ń tọ̀ lórí àwọn òkè wọ̀nyí, kí sì ni wọ́n là wọ́n fún?

Ìdáhùn mi ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọ̀nà náà, iṣẹ́ ni wọ́n là wọ́n fún, kì í ṣe ìran wíwò. Ẹrù, omi, ìrèké, koko àti ìsáǹsá ló la ọ̀nà. Ìgbafẹ́ dé lẹ́yìn, ó sì gba ọ̀nà tó bá nílẹ̀. Àwọn orúkọ tó wà lórí àwòrán ilẹ̀ ibẹ̀ ṣì ń sọ ìtàn yìí fún ẹni tó bá fetí sí wọn.

Ìdí méjì ló mú mi gbé ọ̀rọ̀ yìí wá síwájú àwọn òǹkàwé wa ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́. Èkíní ni pé orúkọ ibi jẹ́ ẹ̀rí tí onímọ̀ ẹ̀dá-èdè lè yẹ̀ wò bí òpìtàn ṣe ń yẹ ìwé àtijọ́ wò. Èkejì ni pé ọkùnrin kan láti orílẹ̀-èdè wa gbé erékùṣù náà fún ọdún méjìlá, ìtàn ìdílé rẹ̀ sì so mọ́ ìtàn Kétu lọ́nà tí a kò lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Mo máa dé orí èyí níwájú.

2. Ọ̀rọ̀ náà «ìgbafẹ́»

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ tiwa wò. Ọ̀rọ̀-ìṣe «gbà» àti ọ̀rọ̀-orúkọ «afẹ́» ló para pọ̀ di «gbafẹ́», lẹ́yìn tí ìpàrójẹ fáwẹ̀lì ti ṣẹlẹ̀; àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ «ì-» ló sọ ọ́ di «ìgbafẹ́». Afẹ́ ni fàájì, ìdẹ̀ra, ìgbádùn ara. Ẹ ṣàkíyèsí pé ọ̀rọ̀ yìí kò dárúkọ ojú, kò dárúkọ òkè tàbí òkun. Ipò tí ẹni náà wà ló ń sọ: ara rẹ̀ dẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀, ó lè dìde nígbà tó bá wù ú.

Ẹ fi èyí wé «wòran», tí a rí láti ara «wò» àti «ìran». Òǹwòran ń lo ojú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò sọ fún wa bóyá ara dẹ̀ ẹ́ tàbí kò dẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, èèyàn méjì lè dúró síwájú òkè kan náà, kí àwọn méjèèjì máa wo ohun kan náà, kí ọ̀kan máa gbafẹ́, kí èkejì má gbafẹ́ rárá. Ìyàtọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí a mú lọ́wọ́ bí a ṣe ń rìn lọ lẹ́bàá etíkun náà.

3. Bí etíkun náà ṣe rí

Martinique kò tóbi. Gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ lé díẹ̀ ní 1,100 kìlómítà níbùú lóròó. Ṣùgbọ́n àríwá rẹ̀ ga. Àwọn òkè tí wọ́n ń pè ní Pitons du Carbet ga tó mítà 1,196, Montagne Pelée, tí í ṣe òkè ayọnáyèéfín, ga tó mítà 1,397. Òkè wọ̀nyí sún mọ́ òkun tó bẹ́ẹ̀ tí ilẹ̀ pẹrẹsẹ fi ṣọ̀wọ́n láàárín wọn. Òjò ń rọ̀ púpọ̀ lórí wọn, omi sì ti gbẹ́ àfonífojì tóóró tóóró láti orí òkè dé etí òkun. Yanrìn ibẹ̀ dúdú nítorí pé àpáta tó ti inú òkè ayọnáyèéfín jáde ni òkun lọ̀ kúnná.

Ẹni tó bá kúrò ní Fort-de-France, olú-ìlú erékùṣù náà, tó forí lé àríwá lẹ́bàá òkun, yóò gba Schœlcher, Case-Pilote, Bellefontaine àti Le Carbet kọjá kó tó dé Saint-Pierre. Ìrìn náà jẹ́ nǹkan bí 30 kìlómítà. Láti Saint-Pierre, ọ̀nà ọkọ̀ ṣì ń lọ sí Le Prêcheur, ó sì parí ní tòsí Anse Couleuvre. Lẹ́yìn ibẹ̀, kò sí ọ̀nà ọkọ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń lọ sí Grand'Rivière, ìlú apẹja tó wà ní òdìkejì, nínú igbó, lórí òkè àti nínú àfonífojì. Ó máa ń gba wákàtí márùn-ún tàbí mẹ́fà. Àwọn mìíràn máa ń bẹ apẹja kí ó fi ọkọ̀ ojú omi gbé wọn padà, kí wọ́n lè wo etíkun tí wọ́n ti rìn náà láti orí òkun.

Ìrìn ẹsẹ̀ yìí wà lára èyí tí wọ́n ń yìn jù ní erékùṣù náà. Ní Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, àjọ UNESCO fi àwọn òkè ayọnáyèéfín àti igbó Montagne Pelée pẹ̀lú àwọn ṣóńṣó àríwá Martinique sínú àkójọ ohun àjogúnbá àgbáyé. Nítorí ohun tí Ọlọ́run dá síbẹ̀ ni wọ́n ṣe fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀: igbó, ẹranko, àpáta. Ọ̀nà tó gba inú rẹ̀ kọjá ńkọ́? Ọmọ aráyé ló là á.

4. Ohun tí àwọn orúkọ ń sọ

Àwọn Yorùbá ní ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àwọn tó sọ etíkun yìí lórúkọ náà wo ilé, ṣùgbọ́n ilé tí olúkúlùkù wọn wò yàtọ̀. Mo pín àwọn orúkọ náà sí ìpele mẹ́ta.

Ìpele kìíní ni ti àwọn onílẹ̀, àwọn Kalinago, tí àwọn Òyìnbó ń pè ní Caraïbes. «Carbet» jẹ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn Faransé yá láti inú èdè àwọn ọmọ onílẹ̀. Ilé ńlá tí àwọn èèyàn ń péjọ sí ló ń tọ́ka sí. «Ajoupa», tó wà nínú orúkọ ìlú L'Ajoupa-Bouillon lẹ́yìn òkè, jẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò irú rẹ̀: àtíbàbà tí a fi ewé bò. Case-Pilote ń rántí olóyè Kalinago kan tí àwọn Faransé ń pè ní Pilote. Ní 1635 ni Pierre Belain d'Esnambuc kó àwọn Faransé wá tẹ̀dó sí Saint-Pierre. Ní 1658, wọ́n gbógun ti àwọn Kalinago, wọ́n sì lé wọn kúrò. Àwọn onílẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ wọn fún ilé kù sílẹ̀. Ó yẹ kí èyí dun onímọ̀ èdè: orúkọ ilé ló wà lẹ́nu gbogbo èèyàn, àwọn tó kọ́ ilé náà kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ìpele kejì ni ti àwọn tó ń fi ojú òkun àti ojú oko wo ilẹ̀. «Anse» ni ibi tí òkun ti wọ inú ilẹ̀ díẹ̀ tí ọkọ̀ lè sún mọ́. «Fond» ni ìsàlẹ̀ àfonífojì, ibi tí ilẹ̀ ti lọ́ràá. «Morne», tí wọ́n ń pè ní «mòn» ní èdè Créole, ni òkè; ọ̀rọ̀ Spéènì «morro» ni wọ́n sọ pé ó ti wá. «Pelée» jẹ́ ọ̀rọ̀ Faransé fún ohun tó pá, tí kò nírun: orí òkè náà kò ní igi. «Habitation» ni ọ̀rọ̀ tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣọ́ra fún jù. Ní Faransé tí a ń kọ́ ní ilé-ìwé wa, ibùgbé ni. Ní Martinique, oko ńlá ni, pẹ̀lú ilé olóko, ilé ìfún-ìrèké àti ahéré àwọn ẹrú lórí ilẹ̀ kan. Nígbà tí ìwé atọ́nà bá ní kí a lọ wo Habitation Céron ní Le Prêcheur, tàbí àwókù Habitation Couleuvre tó wà níbi tí ìrìn ẹsẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, oko ẹrú ló ní kí a lọ wò. Ọ̀rọ̀ náà tútù létí, ìtumọ̀ rẹ̀ kò tutù.

Ìpele kẹta ni ti ìrìn fúnra rẹ̀: «trace». Ọ̀nà tóóró tí wọ́n fi àdá là nínú igbó ni. Ọ̀nà ọkọ̀ tó gba àárín òkè kọjá láti Fort-de-France lọ sí Le Morne-Rouge ṣì ń jẹ́ Route de la Trace, ìtàn sì sọ pé àwọn àlùfáà Jésuites ló kọ́kọ́ la ọ̀nà ẹsẹ̀ níbẹ̀. Bí ó ti jẹ́ ọ̀nà olówó, bẹ́ẹ̀ ni igbó tó yí i ká jẹ́ ibi ìsásí fún àwọn ẹrú tó sá kúrò lóko, tí wọ́n ń pè ní «marrons», «nèg mawon» lẹ́nu Créole. Òkè kan náà ni: ẹni kan ń gbà á lọ síbi iṣẹ́, ẹni kejì ń gbà á sá fún iṣẹ́.

5. Yàrà omi Beauregard

Bí ẹnì kan bá fẹ́ ẹ̀rí tó ṣeé fẹsẹ̀ tẹ̀, kí ó lọ sí yàrà omi Beauregard, láàárín Fonds-Saint-Denis àti Le Carbet. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún ni àwọn ẹrú gbẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ òkè láti fa omi odò wá sí àwọn oko ìrèké tó wà nísàlẹ̀. Omi ṣì ń ṣàn nínú rẹ̀. Lónìí, ó wà lára ibi tí ìdílé máa ń kó ọmọ lọ rìn ní ọjọ́ Àìkú. Orí ògiri tóóró tó wà létí omi náà ni wọ́n ń rìn. Ọwọ́ kan jẹ́ omi àti òkè, ọwọ́ kejì jẹ́ ọ̀gbun. Ibi mìíràn wà tí ẹsẹ̀ méjì kò lè gbà lẹ́ẹ̀kan náà, tí ẹni tó ń bọ̀ gbọ́dọ̀ dúró kí ẹni tó ń lọ tó kọjá.

Àwọn ará ibẹ̀ ní orúkọ mìíràn fún un: Canal des Esclaves, yàrà àwọn ẹrú. Ẹ wo bí orúkọ méjèèjì ṣe dúró sí ara wọn. «Beauregard», bí a bá tú u, ni ìwò tó rẹwà. Ìkan sọ ohun tí ojú ń rí láti ibẹ̀, èkejì sọ ẹni tó gbẹ́ ẹ. Ìkan jẹ́ orúkọ òǹwòran, èkejì jẹ́ orúkọ òṣìṣẹ́. Èmi kò sọ pé kí a pa ọ̀kan rẹ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó bá mọ kìíní nìkan kò tíì mọ ibi tí ó fẹsẹ̀ tẹ̀.

Ní àdúgbò Fonds-Saint-Denis yìí kan náà, wọ́n ní àṣà tí wọ́n ń pè ní «lasotè». Àwọn àgbẹ̀ á péjọ sórí ilẹ̀ ẹnì kan, wọ́n á tò lẹ́sẹẹsẹ lórí òkè gíga, wọ́n á máa ro ilẹ̀ náà pọ̀, kí ìlù, orin àti fèrè ìkarahun òkun máa darí ọkọ́ wọn. Nígbà tó bá yá, wọ́n á lọ ṣe ti ẹlòmíràn. Kò sí ọmọ àgbẹ̀ ní Kétu tí yóò gbọ́ èyí tí kò ní sọ pé ọ̀wẹ̀ àti àáró ni. Èmi kò sọ pé láti ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti mú un lọ. Ìjọra kì í ṣe ẹ̀rí ìbátan. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí a mọ ohun kan: àwọn tí wọ́n fi tipátipá mú ṣiṣẹ́ lórí òkè wọ̀nyí, ìran wọn rí ọ̀nà tí wọ́n fi sọ iṣẹ́ òkè di tiwọn.

6. Àwọn alárù, àwọn ayàwòrán àti òǹkọ̀wé

Ìgbà wo wá ni àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá síbẹ̀ nítorí ẹwà rẹ̀? Ọdún 1887 jẹ́ àmì tó dára. Ní ọdún náà, Paul Gauguin, ayàwòrán Faransé, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Charles Laval gbé ahéré kan ní tòsí Anse Turin ní Le Carbet fún oṣù bíi mélòó kan. Òkè, òkun àti àwọn obìnrin tó ń ká máńgòrò wà nínú àwòrán tí Gauguin yà níbẹ̀. Ní ọdún kan náà ni Lafcadio Hearn, òǹkọ̀wé, dé Saint-Pierre, ó sì dúró títí di 1889. Ìwé rẹ̀ nípa erékùṣù náà jáde ní 1890.

Orí kan wà nínú ìwé Hearn tí mo máa ń ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kà, orí tó sọ nípa àwọn «porteuses». Àwọn obìnrin alárù ni. Àwọn ló ń fi orí ru ọjà láti Saint-Pierre gba orí òkè kọjá lọ sí àwọn ìlú tó wà lápá kejì erékùṣù, láìwọ bàtà. Láti kékeré ni wọ́n ti ń kọ́ wọn, bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ wa láti ru garawa omi kí ó tó ru ẹrù ọjà. Hearn yin ìrìn wọn, ó yin ìdúró wọn. Òǹwòran tó mọ ìran wò ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: nínú òun àti àwọn obìnrin náà, tí wọ́n jọ wà lórí ọ̀nà òkè kan náà, ta ló ń gbafẹ́? Ohun tó mú ọ̀nà náà dùn ún rìn fún un ni pé ẹsẹ̀ àwọn obìnrin wọ̀nyí ti tẹ̀ ẹ́ kúnná.

7. Ìlù, ẹ̀gẹ́ àti oṣù karùn-ún ọdún 1848

Le Prêcheur, níbi tí ọ̀nà ọkọ̀ ti ń parí, wà lára ibi tí òmìnira ti bẹ̀rẹ̀ ní Martinique. Ó yẹ kí a mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ tí gbogbo ilé wa mọ̀ ló fà á.

Ní oko kan nítòsí Saint-Pierre, àwọn ẹrú máa ń péjọ lálẹ́ láti rin ẹ̀gẹ́, wọ́n sì máa ń lu ìlù sí i kí ọwọ́ lè yá. Ní Oṣù Karùn-ún ọdún 1848, olóko náà fòfin de ìlù. Ẹrú kan tó ń jẹ́ Romain lù ú síbẹ̀, wọ́n sì mú un lọ sí ẹ̀wọ̀n ní Saint-Pierre. Àwọn èèyàn ya lọ síbẹ̀ láti béèrè rẹ̀. Pory-Papy, igbákejì olórí ìlú, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú, ní kí wọ́n tú u sílẹ̀. Nígbà tí àwọn ará Le Prêcheur ń padà lọ sílé ní 22 Oṣù Karùn-ún, wọ́n yìnbọn lù wọ́n, èèyàn kú. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, Saint-Pierre gbiná. Ní ọjọ́ kejì, 23 Oṣù Karùn-ún, gómìnà Rostoland kéde pé oko ẹrú ti dópin ní erékùṣù náà.

Ní 27 Oṣù Kẹrin ni wọ́n ti fọwọ́ sí òfin ìtúsílẹ̀ ní Paris, ṣùgbọ́n ìwé náà kò tíì dé Martinique. Àwọn ẹrú kò dúró dè é. Orúkọ Victor Schœlcher, Faransé tó jà fún òfin náà, wà lórí ìlú tí a gbà kọjá lókè. Case-Navire ni ìlú náà ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Orúkọ Romain onílù kò sí lórí ìlú kankan ní etíkun yẹn. Ọjọ́ 22 Oṣù Karùn-ún ni wọ́n fi ń rántí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ ìsinmi ni ní Martinique, ọ̀pọ̀ ìdílé sì máa ń lo ìsinmi náà létí òkun.

8. Ìgbafẹ́ tí kò wáyé: ọdún 1902

Àwọn ará Saint-Pierre fúnra wọn máa ń gbafẹ́ lórí Montagne Pelée. Adágún kan wà lórí rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Lac des Palmistes. Wọ́n máa ń gbé oúnjẹ lọ síbẹ̀, kí wọ́n jẹun, kí wọ́n wo òkun, kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ kó tó di alẹ́. Òkè ilé ni wọ́n kà á sí, kì í ṣe òkè ikú.

Nígbà tó fi di Oṣù Kẹrin ọdún 1902, òkè náà ti ń yọ èéfín, eérú sì ń rọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Karùn-ún, ìwé ìròyìn Les Colonies ní Saint-Pierre kéde pé ìrìn ìgbafẹ́ tí ẹgbẹ́ kan ti ṣètò lọ sórí òkè náà kò ní wáyé mọ́, nítorí pé ẹnu ihò òkè kò ṣeé sún mọ́. Ìkéde náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: ọjọ́ ìgbafẹ́ yẹ̀. Ní 5 Oṣù Karùn-ún, ẹrẹ̀ ya wálẹ̀ láti orí òkè, ó bo ilé-iṣẹ́ ṣúgà Guérin mọ́lẹ̀ pẹ̀lú àwọn èèyàn inú rẹ̀. Àwọn ará oko sá wọ Saint-Pierre, wọ́n rò pé ìlú ló láàbò jù.

Ní òwúrọ̀ 8 Oṣù Karùn-ún, nígbà tí aago mẹ́jọ ṣẹ̀ṣẹ̀ lù, ìkùukùu iná àti eérú já wálẹ̀ láti orí òkè, ó sì pa ìlú náà run láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Nǹkan bí 28,000 èèyàn ló kú. Àwọn ọkọ̀ ojú omi tó wà létíkun jóná, wọ́n rì. Lónìí, àwọn tó ń wẹ̀ nísàlẹ̀ omi máa ń lọ wo àwọn ọkọ̀ náà níbi tí wọ́n sùn sí.

Ọ̀kan lára àwọn díẹ̀ tó yè ni Cyparis, ẹlẹ́wọ̀n kan. Ògiri àtìmọ́lé rẹ̀ nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí iná kò fi pa á, bó tilẹ̀ jó o lára. Lẹ́yìn náà, ilé-iṣẹ́ eré Barnum & Bailey mú un kiri Amẹ́ríkà kí àwọn èèyàn máa sanwó wò ó. Àtìmọ́lé náà ṣì wà ní Saint-Pierre; ó wà lára ohun tí àlejò máa ń yà fọ́tò rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ọkùnrin náà mọ́ àti ara rẹ̀ tó jóná, àwọn méjèèjì di ìran.

9. Ẹni wa tó wà lórí òkè náà

Ní ọjọ́ tí Saint-Pierre jóná, ọba kan láti orílẹ̀-èdè wa wà ní erékùṣù náà. Béhanzin ni, ọba Dàhọ̀mì, ọmọ Glèlè. Ó fara rẹ̀ fún àwọn Faransé ní Oṣù Kìíní ọdún 1894, lẹ́yìn ogun pẹ̀lú ọ̀gágun Dodds. Wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé òun, àwọn ìyàwó rẹ̀ mẹ́rin, ọmọ rẹ̀ Ouanilo àti àwọn mìíràn láti ilé rẹ̀ lọ sí Martinique, wọ́n sì dé Fort-de-France ní òpin Oṣù Kẹta. Fort Tartenson, ilé ìṣọ́ àwọn ológun lórí òkè tó wà lókè ìlú, ni wọ́n kọ́kọ́ fi í sí. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ ń wo gbogbo ìyawọ̀ òkun Fort-de-France níwájú, àwọn Pitons du Carbet sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Lónìí, owó ni èèyàn ń san láti rí irú ìran bẹ́ẹ̀.

Ọdún méjìlá ni Béhanzin fi wò ó. Ó kọ̀wé sí ìjọba ní Paris léraléra pé kí wọ́n jẹ́ kí òun padà sílé. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Nígbà tí wọ́n jẹ́ kó kúrò ní 1906, Àlùjíríà ni wọ́n gbé e lọ, ibẹ̀ ló sì kú sí ní Oṣù Kejìlá ọdún náà. Ní 1928 ni Ouanilo gbé egungun rẹ̀ wá sílé. Ní gbogbo ìgbà tó fi wà ní Martinique, wọ́n ń ya fọ́tò òun àti àwọn ìyàwó rẹ̀, wọ́n sì ń tà á bíi káàdì ìfìwéránṣẹ́. Ọba tó jókòó síwájú òkun, òun gan-an ló wá di ohun ìwòran.

Ọ̀rọ̀ yìí kò lè rọrùn fún ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Kétu. Ní 1886, nígbà tí Glèlè wà lórí ìtẹ́, ogun Dàhọ̀mì fọ́ Kétu. Wọ́n pa àwọn kan, wọ́n kó àwọn yòókù lẹ́rú lọ sí Abomey. Ìlú náà di ahoro. Ìgbà tí agbára Dàhọ̀mì fọ́ ni àwọn tó kù láàyè tó rí ọ̀nà padà, wọ́n tún ìlú kọ́, wọ́n sì fi Alákétu tuntun joyè ní 1894. Ọdún kan náà ni Béhanzin wọkọ̀ lọ. Bí ẹnì kan ṣe ń lọ sí ìgbèkùn ni àwọn mìíràn ń ti ìgbèkùn bọ̀.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan sọ pé kò yẹ kí a káàánú rẹ̀, mo sì ti gbọ́ tí àwọn mìíràn sọ pé akọni tó kọ ìjọba Òyìnbó ni, kí a má mẹ́nu kan Kétu. Èmi kò fara mọ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ẹni tó bá mọ ohun tí ìgbèkùn ṣe sí àwọn ará Kétu ló yẹ kó mọ ohun tó ṣe sí Béhanzin jù. Ẹni tó bá sì mọ ohun tó ṣe sí Béhanzin kò gbọ́dọ̀ sọ pé ti Kétu jẹ́ ọ̀rọ̀ kékeré. Òpìtàn gbọ́dọ̀ lè di méjèèjì mú.

Fún ìjíròrò wa lórí èdè, ohun tí Béhanzin fi hàn wá ṣe kedere. Ó rí òkè, ó rí òkun, ó wòran fún ọdún méjìlá. Kò sí ẹni tó gbọ́ Yorùbá tí yóò sọ pé ó gbafẹ́.

10. Ohun tó kàn wá

Àwa náà ní òkè tí àwọn àlejò ń bọ̀ wá wò. Àwọn àpáta ńlá tó yí Ṣábẹ̀ẹ́ ká àti àwọn òkè Ìdáàṣà ti ń wọ ìwé atọ́nà. A mọ̀ pé nígbà tí ogun Dàhọ̀mì ń jà, orí òkè wọ̀nyí ni àwọn èèyàn sá sí. Ọ̀nà tóóró tí ọmọ ilé-ìwé ń mú àlejò gùn lónìí, ẹsẹ̀ àwọn tó ń sá fún ogun wà lára ohun tó là á. Bí a kò bá tètè kọ orúkọ tí àwọn àgbà ń pe ihò, orísun omi àti ìgun òkè kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, orúkọ òǹwòran ni yóò borí, tí a ó ní «Beauregard» tiwa láìní orúkọ kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ ìwádìí lórí orúkọ ibi, ẹ má ṣe béèrè ìtumọ̀ orúkọ nìkan lọ́wọ́ àwọn bàbá àti ìyá wa. Ìtumọ̀ máa ń mú kí èèyàn hùmọ̀ àlàyé tó dùn létí. Ẹ béèrè iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ẹni tó ń ṣe é, ohun tí wọ́n ń gbé kọjá, ẹni tí wọ́n ń sá fún. Ẹ béèrè bóyá ibẹ̀ ní orúkọ mìíràn tí àwọn obìnrin ń pè é nígbà tí wọ́n bá ń lọ pọnmi. Kí ẹ kọ orúkọ méjèèjì sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn wọn, kí ẹ sì kọ orúkọ abúlé tí ẹ ti gbọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.